Afẹ́fẹ́ Inú Àgbá Àwọn Amòòkùn

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ mú pẹ́ńsù àti bébà lọ́wọ́, nítorí a óò ṣe ìṣirò díẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Ọmọ kan tí mo kọ́ ní ìwé nígbà kan rí wà ní Florida, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ló bá lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, òkun ni í máa wọ̀. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a gbé àgbá afẹ́fẹ́ pọ̀n sẹ́yìn, wọn a mòòkùn lọ wo ẹja àti ọkọ̀ tó rì. Amòòkùn tí mò ń wí yìí kì í ṣe amòòkùnṣìkà o. Eré ìgbafẹ́ ni tiwọn. Ó kọ̀wé sí mi pé: “Tíṣà, wọ́n ní afẹ́fẹ́ kan wà tó dára ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, Nitrox ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́ fi èyí tí ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ 36 dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ Spiegel Grove. Kí ni ẹ rí sí i?” Èsì tí mo fún un ni mo fẹ́ kí a jọ gbọ́.

Bí a bá pín afẹ́fẹ́ tí à ń mí sí ọ̀nà 100, ọ̀nà 21 ni ọ́síjìn tí ara ń lò. Nǹkan bí 78 jẹ́ náítírójìn, tí ó kàn ń wọlé tí ó ń jáde. Lórí ilẹ̀, náítírójìn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Lábẹ́ omi, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí ènìyàn ti ń lọ sísàlẹ̀ ni omi ń tẹ̀ ẹ́, tí náítírójìn sì ń yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá ara rẹ̀. Ẹ rántí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Nígbà tí ìdérí wà lórí rẹ̀, ẹ kò rí nǹkan kan. Ẹ ṣí i lójijì, ó hó, ó ru. Bẹ́ẹ̀ ni ti amòòkùn tó pẹ́ jù nísàlẹ̀ tó sì sáré gòkè. Ìhó wẹ́wẹ́ á dìde nínú ẹ̀jẹ̀ àti oríkèé rẹ̀. Ẹlòmíràn a jẹ̀rora, ẹlòmíràn a rọ lẹ́sẹ̀, ẹlòmíràn a sì kú. Irú àìsàn yìí ló bá àwọn tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ afárá Brooklyn ní New York jà. Ní 1872, Washington Roebling tó jẹ́ ọ̀gá wọn kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọgbọ́n Nitrox kò ju pé kí a dín náítírójìn kù, kí a fi ọ́síjìn dípò rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ní ọ́síjìn 32 tàbí 36 nínú 100. NOAA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó òkun àti ojú ọjọ́, ló kọ́kọ́ ṣe ìlànà rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ní 1985 ni Dick Rutkowski, tó ti bá wọn ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tí ń ṣe eré ìgbafẹ́. Èrè rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní ìwọ̀n mítà 18, ìwé ìṣirò àwọn ará Amẹ́ríkà fún ẹni tó ń mí afẹ́fẹ́ lásán ní 60 ìṣẹ́jú kí ó tó di dandan pé kí ó máa dúró lọ́nà bí ó bá ń gòkè. Ẹni tó ń mí Nitrox 32 ní 100 ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá sì fẹ́ mòòkùn lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni yóò mọ rírì rẹ̀ jù.

Ṣùgbọ́n ọ́síjìn pàápàá a máa di májèlé. Paul Bert, ará Faransé, fi èyí hàn ní 1878. Bí omi bá tẹ̀ ẹ́ jù, gìrì á mú ẹni tí ń mí in, nígbà mìíràn láìsí àmì kankan ṣáájú. Lórí ilẹ̀ a lè gba onígìrì sílẹ̀. Lábẹ́ omi, ohun tí ń gbé afẹ́fẹ́ wá á bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó parí.

Ó yá, ẹ mú pẹ́ńsù. Ẹ pe ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ lójú omi ní 1. Mítà 10 kọ̀ọ̀kan nínú òkun fi 1 kún un. Òfin àwọn amòòkùn ni pé kí ìtẹ̀ ọ́síjìn má ju 1.4 lọ, 1.6 ni òpin pátápátá. Ọkọ̀ ológun ni Spiegel Grove. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì í nítòsí Key Largo ní 2002 kí ó lè di ilé ẹja. Ó dojú dé kí àsìkò tó tó, ìjì Dennis ló sì gbé e dìde ní 2005. (Ohun tí ènìyàn kò rí ṣe, ìjì ṣe é.) Iyanrìn tó jókòó lé wà ní nǹkan bí mítà 40. Ìtẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ 5. Ẹ sọ 0.36 di ìlọ́po 5: ó di 1.80! Nitrox 32 di 1.60. Afẹ́fẹ́ lásán ńkọ́? 1.05 péré. Ẹ ò rí i pé “afẹ́fẹ́ tó dára jù” yìí ni kò yẹ kí ọmọ mi mú lọ síbẹ̀? Mítà 28 ni òpin Nitrox 36, mítà 33 ni ti 32.

Kò sì sọ àgbá di ńlá. Ìwé lè fún ọ ní 100 ìṣẹ́jú, kí afẹ́fẹ́ inú àgbá rẹ má tó ìdajì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò wo ìmutí inú ibú sàn, èyí tí í máa mú orí amòòkùn fò bí ẹni tó mu ẹmu yó.

Ọmọ náà ti fèsì. Ó ní òun gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ tán kí wọ́n tó tà á fún òun. Ó ní òun fúnra òun fi ẹ̀rọ wọn ọ́síjìn inú àgbá náà níwájú ẹni tó rọ ọ́, òun sì kọ “32, mítà 33” sára rẹ̀. Apá òkè ọkọ̀ náà ni ó wò. Ó ní ẹja pọ̀ níbẹ̀.