Dà á, bù ú, tàbí kán an? Ohun tó yẹ ká fi máa da epo àti ọbẹ̀ sórí oúnjẹ

Inú kíṣìnì mi ní Dagenham níbí ni mo wà. Ẹ wo ohun tí mo tò sórí tábìlì: ìgò oníke méjì tí a ń tẹ̀, ṣíbí ọbẹ̀ kan, jọ́ọ̀gì irin kékeré tó ní ẹnu ṣóńṣó, àti ṣíbí ìjẹun lásán. Ọ̀rọ̀ wọn la fẹ́ sọ lónìí.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, kí ló kàn yín kan ìgò epo?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, màámi wá kí wa láti Ìbàdàn. Mo ní màá se ẹ̀wà àgànyìn fún wọn. Mo ti rí i nínú fídíò àwọn alásè bí wọ́n ṣe máa ń fi ìgò oníke tẹ ọbẹ̀ sórí oúnjẹ, tí yóò máa tọ́ tín-ín-rín bí ìgbà tí èèyàn ń kọ̀wé. Ó wù mí. Mo lọ ra méjì ní ọjà Barking, ní East Street. Nígbà tí ata dín tán, mo ro epo orí rẹ̀ sínú ìgò náà ní gbígbóná, mo dé e, mo gbé e fún màámi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìgò ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, ọmọrí fò, epo sì dà sí wọn lẹ́yìn ọwọ́.

Màámi pariwo, "Gbé ẹyin wá!" Wọ́n fẹ́ pa ẹyin sí i. Mo fà wọ́n lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo yọ òrùka ọwọ́ wọn, mo ṣí omi tútù sí i. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní, "Ó tó, òtútù ń mú mi." Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Ọwọ́ náà lé ròrò, a sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ó ti jinná báyìí, àpá díẹ̀ ló kù. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá na ọwọ́ lórí fídíò kọ́ọ̀lù ni mo máa ń rí àpá yẹn. Èmi tí mo ń tọ́jú ọgbẹ́ àwọn ẹlòmíì ni mo fi ìgò ike ṣe màámi léṣe.

Látìgbà náà ni mo ti ń ronú sí i. Mo wá rí i pé èdè wa ti ṣe ìṣirò náà sílẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, ẹ fetí sí bí àwọn òbí yín ṣe ń sọ̀rọ̀ nídìí ìkòkò. Wọn kì í sọ pé "dà á" sí ohun gbogbo. Ọbẹ̀, wọ́n á ní "bù ú." Omi tàbí epo tó ń ṣàn, "dà á." Tó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀, "kán an sí i." Iyọ̀, "wọ́n ọn." Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí ẹ fẹ́ ṣe, ìyẹn ló máa sọ ohun tí ẹ máa rà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bíbù. Àgànyìn ni orúkọ tí àwọn ará Èkó ń pe àwọn tó wá láti ìhà Benin àti Tógò, àwọn obìnrin wọn ló sì sọ ẹ̀wà yìí di ìlú-mọ̀ọ́ká. Ata rẹ̀ máa ń sùn sísàlẹ̀, epo á léfòó sókè. Ìgò wo lẹ fẹ́ fi tẹ irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀? Èso ata á dí i lẹ́nu. Ṣíbí ló yẹ ẹ́. Ẹ ti ṣíbí bọ ìsàlẹ̀, ẹ gbé ata wá, ẹ jẹ́ kí epo ro padà. Ewédú náà, ṣíbí ni. Ohun tó ń yọ̀ kì í gbọ́ràn sí ìgò lẹ́nu. Ẹ ra èyí tí inú rẹ̀ jìn, tí ọwọ́ rẹ̀ gùn, tó sì ní ìkọ́ tí kò ní jẹ́ kó rì sínú ìkòkò.

Ẹ̀ẹ̀kejì, dídà. Ohun tó bá gbóná, jọ́ọ̀gì irin tó ní ọwọ́ ni kí ẹ fi dà á. Ẹ má bù ú kọjá ìdajì. Omi ń hó ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n epo tí a fi ń dín dòdò máa ń tó 170 sí 180. Ọ̀pọ̀ ìgò oníke tí a ń tẹ̀ ti máa rọ̀ kó tó débẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń ro ẹni tó fẹ́ lò ó, bíi ti màámi tí oríkèé ń yọ lẹ́nu, jọ́ọ̀gì kékeré tó fúyẹ́ sàn ju ìgò tó le láti tẹ̀ lọ. Ẹ má fi kẹ́ẹ̀gì epo dà á tààrà.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, kíkán. Ibí ni ìgò oníke ti wúlò, fún ohun tó ti tutù nìkan: epo pupa sórí iṣu sísè, oyin, tàbí gbẹ̀gìrì tí ẹ ti sẹ́ dáadáa tó sì ti tutù díẹ̀. Epo pupa máa ń dì nígbà òtútù nílùú yìí. Ẹ má gbé ìgò náà sínú máíkírówéèfù o! Ẹ gbé e sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á yọ́. Ẹ ra ìgò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tí ọwọ́ lè wọ̀ láti fọ̀ ọ́. Ẹ má máa da epo tuntun lé ògbólógbòó, nítorí èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ẹnu ìgò á kan, á sì ba ìyókù jẹ́.

Ẹ wá wo ṣíbí ìjẹun yìí. Òun ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ṣíbí epo kan tó kún jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 14, agbára inú rẹ̀ sì tó kálórì 120. Bí ìdajì epo pupa ni ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní saturated fat. NHS sọ pé kí obìnrin má jẹ ju gíráàmù 20 irú ọ̀rá yẹn lọ lóòjọ́, kí ọkùnrin má sì ju 30 lọ. Ẹ ṣírò ẹ̀. Ṣíbí epo pupa mẹ́ta péré, obìnrin ti jẹ ti ọjọ́ náà tán, kó tó kan ẹran. Mi ò ní kí ẹ má jẹ epo. Èmi náà kò lè jẹ iṣu láìsí epo. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ń da epo láti inú kẹ́ẹ̀gì kò lè mọ iye tó jẹ. Ẹ kọ́kọ́ wọn ṣíbí kan sínú ìgò tàbí jọ́ọ̀gì yín, kí ẹ tó kán an. Bó ṣe ń tọ́ tín-ín-rín, á kárí abọ́, ojú á yó.

Kí n tó lọ, bí epo bá jó ẹnikẹ́ni, ẹ yọ òrùka àti aago kíákíá, ẹ fi omi ẹ̀rọ tútù ṣàn sí i fún 20 ìṣẹ́jú. Kò gbọdọ̀ jẹ́ yìnyín, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹyin, bọ́tà tàbí ọṣẹ ìfọyín. Bó bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó jóná lọ, tàbí tó lé ròrò ní ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí oríkèé, ẹ lọ sí A&E. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ pe 111.

Màámi tún ń bọ̀ lọ́dún yìí. Wọ́n ti ránṣẹ́ pé ẹ̀wà àgànyìn làwọn máa kọ́kọ́ jẹ. Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n ṣíbí ni kí o fi bù ú fún mi o!" Ẹ sọ èyí tí ẹ̀yin ń lò nílé fún mi nísàlẹ̀ fídíò yìí. Ẹ kí àwọn òbí yín fún mi. Ó dàbọ̀.