Ìwé Owó Àtijọ́ Nínú Kọ̀ǹpútà Tuntun

Ní irú ìlú bí Ìpàpó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan lè ti máa fi ètò tí a fi FoxPro kọ pa ìwé owó rẹ̀ mọ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn. Inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni fáìlì náà wà. Àwọn yòókù ń gba ojú wáyà wá kà á, wọ́n sì ń kọ sí i. Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn fún FoxPro dúró láti ọdún 2015, ṣùgbọ́n owó àwọn àgbẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Kí ni akọ̀wé yóò ṣe nígbà tí ó bá ra kọ̀ǹpútà tuntun tí kò rí fáìlì náà?

SMB ni orúkọ èdè tí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí fi ń pín fáìlì. IBM ni ó gbé e kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1983. Ààbò ẹ̀dà kìíní kò tó nǹkan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, WannaCry gba ibẹ̀ wọlé, ó ti fáìlì pa nínú kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 200,000, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀; àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá aláìsàn padà sílé. Ní ìparí ọdún náà ni Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí yọ ẹ̀dà kìíní kúrò nínú Windows tuntun. Àwọn alátùn-únṣe kan a sì tún dá a padà síbẹ̀. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ nítorí àlejò kan kò lè yan ẹni tí yóò gbà á wọlé.

Bí gbogbo ẹ̀rọ bá tilẹ̀ gbọ́ ẹ̀dà kejì, ìṣòro tí ó jinlẹ̀ jù ṣì kù. Kí iṣẹ́ lè yá, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan a máa rántí bí fáìlì ti rí fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí fáìlì kan kò bá sí, a rántí ìyẹn fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Ètò àtijọ́ kò mọ̀ pé ohun tí òun ń wò ti di ti àná. Kọ̀ǹpútà kan sì lè fi ohun tí akọ̀wé kọ pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ títí ẹlòmíràn yóò fi béèrè. Bí iná bá lọ lójijì (ẹni tí ó bá gbé Òkè-Ògùn rí mọ̀ bí iná ti ń lọ), àkọsílẹ̀ náà kò ní dé ilé, atọ́ka fáìlì yóò sì dàrú. Ọ̀nà tí a fi ń pa àṣà yìí nínú ẹ̀dà kìíní kò ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀dà kejì.

Ohun tí ó dájú jù ni kí fáìlì má gba ojú wáyà kọjá rárá. Ètò irú PostgreSQL nìkan ni yóò máa fọwọ́ kan ìwé, àwọn yòókù yóò kàn máa rán iṣẹ́ sí i. LibreOffice ṣì lè ṣí ọ̀pọ̀ fáìlì DBF, nítorí náà kíkó wọn kúrò kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Kí a kọ́kọ́ dà wọ́n kọ, lẹ́yìn tí olúkúlùkù bá ti jáde kúrò nínú ètò. Èyí tí a dà kọ nígbà tí ẹnìkan ṣì ń kọ̀wé lè má pé.