Ọmọ Ló Ń Pe Omi Ọmú Jáde

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Arakale, Àkúrẹ́

Mo mọ̀ pé ẹ ó máa rò ó pé kí ni ọmọkùnrin yìí mọ̀ nípa ọmú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ, ní ọjọ́ kejì, ọmọ ń ké ṣáá. Ni gbogbo ilé bá ní ọmú ò tó. Ẹnì kan gbé omi wá, ẹnì kan gbé àgbo wá. Èmi gan-an ni wọ́n rán lọ ra mílíìkì agolo. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, mílíìkì agolo ń pọ̀ sí i, omi ọmú ń dín kù. Ìyàwó wa á jókòó, á máa sunkún pé òun ò lè bọ́ ọmọ òun.

Nọ́ọ̀sì tó bá wa tún un ṣe kò lo oògùn kankan. Ó ní kí ẹnu ọmọ gba dúdú tó yí orí ọmú ká, kì í ṣe orí ọmú nìkan. Ó ní kó máa mu ọmú ní ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá lójúmọ́, tòru tọ̀sán. Bí ọmọ bá ṣe ń fà á ni ara ìyá ń ṣe òmíràn. Bí omi àti àgbo bá ti kún inú ọmọ, kò ní fà á mọ́, ni omi ọmú á bá máa gbẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni tiwa padà.

Omi ọmú àkọ́kọ́ kì í pọ̀, ó máa ń ki, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀. Ẹ má fún un dànù o! Ikùn ọmọ tuntun kéré, ìyẹn tó o. Bó bá di ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin, ọmú á kún.

Ẹkún nìkan kọ́ la fi ń mọ̀ bóyá ó tó. Lẹ́yìn ọjọ́ karùn-ún, ọmọ tó ń yó á máa tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà lójúmọ́, á sì máa wúwo sí i. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tàbí tí kò lókun láti fa ọmú, ẹ gbé e lọ ọsibítù kíákíá. Àwọn ìyá kan wà tí tiwọn kì í tó lóòótọ́. Kì í ṣe ohun ìtìjú, dókítà á sọ ohun tí wọ́n máa ṣe.

Ìpínlẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ètò Àbíyè ní 2009, ọsibítù ìyá àtọmọ sì dé Àkúrẹ́ ní 2010. Síbẹ̀, ìwádìí 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà ní Nàìjíríà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan. Ohun tí nọ́ọ̀sì bá sọ, ilé la ti ń yí i padà.

Ẹ̀yin yèyé wa, ọ̀rọ̀ yín la máa ń gbọ́. Ẹ bá wa mú omi àti àgbo dúró títí oṣù mẹ́fà á fi pé. Omi ti wà nínú ọmú. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ fọ aṣọ, ẹ se oúnjẹ, kí ìyá ọmọ lè sinmi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá rán yín lọ ra agolo, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, ṣé nọ́ọ̀sì ti rí ọmọ yìí?

Ọmọ wa ò ní kú mọ́ wa lójú o.