Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Lè Sọ Nígbà Tí Ara Bá Gbóná



Bí ara ọmọ bá gbóná nínú ilé wa, "ibà ni" ni a sábà máa ń wí, a ó sì ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì. Bẹ́ẹ̀ ni ibà ẹ̀fọn lè fà á, òtútù àyà lè fà á, ọ̀fìnkìn lásán pẹ̀lú lè fà á. Ọwọ́ tí a fi kan iwájú orí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ọdún 1930, oníṣègùn méjì ní New York, Tillett àti Francis, rí ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń bá jà. Bí aláìsàn bá ti gbádùn, wọn kì í rí i mọ́. CRP ni orúkọ rẹ̀ lónìí. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe é. Bí àrùn bá wọlé, láàárín wákàtí díẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, yóò sì dé góńgó ní nǹkan bí ọjọ́ 2. Ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í sábà ní ju mílígíráàmù 10 lọ nínú lítà kan. Àrùn líle lè gbé e kọjá 100. Nítorí náà ni oníṣègùn ṣe máa ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, kí ó lè mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Ní 1993, àwọn ará Faransé fi òmíràn hàn, procalcitonin, tí bakitéríà máa ń gbé sókè ju fáírọ́ọ̀sì lọ.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ni ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe adájọ́. Ibà ẹ̀fọn pàápàá a máa gbé CRP sókè gidigidi. Ara jíjóná àti iṣẹ́ abẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, àyẹ̀wò ibà ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú: ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka, èsì kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ.

Ohun tí ó dùn wá jù ni ọmọ tí a fún ní oògùn ibà fún ọjọ́ 3, nígbà tí bakitéríà ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Èkejì rẹ̀ ni kápúsù apakòkòrò tí a ń gbé mì láìnídìí, tí kòkòrò fi ń mọ ọgbọ́n rẹ̀. Fleming, ẹni tí ó rí pẹnisílíìnì, ti kìlọ̀ èyí ní 1945.

Àbá wa ni pé kí Ẹgbẹ́ yìí, kí ó tó kun gbọ̀ngàn wa ní ọ̀dà tuntun, ná owó sórí yàrá àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ìlú, kí a sì gba ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ tí ń wọn CRP wà tí kò tóbi ju rédíò lọ. Ní ti ọmọ tí ó bá ń mí gúlegúle, tàbí tí gìrì mú, ẹ má ṣe dúró de àyẹ̀wò kankan. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀.