Ọ̀nà Òkè Pàtì
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ wa ní Lọ́kọ́jà

  Ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa retí ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan, ṣùgbọ́n ìyẹn ti pọ̀ tó nínú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni tiwa. Kì í ṣe ọ̀nà Àbújá, kì í ṣe ọ̀nà Kàbà. Ọ̀nà kúkúrú tí ó gun Òkè Pàtì ni.

Ojoojúmọ́ ni òkè yìí ń wò wá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ti lo ogún ọdún ní ìlú yìí kò tíì débẹ̀ rí. Àlejò á ti Èkó dé, á béèrè òkè, àwa tí a ń gbé abẹ́ rẹ̀ á máa fi ìka júwe.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ní èdè Nupe, òkè ni ń jẹ́ "pati". Ìdí nìyí tí ìlú Pàtígì fi túmọ̀ sí òkè kékeré. Ẹni tí ó bá wí pé Òkè Pàtì, "òkè òkè" ni ó wí. Ìlú tí Nupe, Ìgalà, Ẹbira, Haúsá, Ọ̀wọ́rọ̀ àti àwa jọ ń gbé, orúkọ kò lè ṣe aláìwọnú ara wọn.

Àwọn ọmọ wa tí ó ti gun ọ̀nà náà pẹ̀lú ilé-ìwé sọ ìtàn kan fún wa nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n ní ìyàwó Lugard dúró lórí òkè, ó wo odò Ọya, ó sì sọ ilẹ̀ yìí ní Nàìjíríà. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ọdún. Ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1897 ni Flora Shaw dábàá orúkọ náà nínú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1902 ni ó tó fẹ́ Lugard. Kò tíì di ìyàwó rẹ̀ nígbà tí orúkọ ti jáde. Ohun tí Lọ́kọ́jà lè fi yangàn láìṣe àní-àní ni pé níhìn-ín ni wọ́n ti gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900, nígbà tí wọ́n sọ àsíá ilé-iṣẹ́ Royal Niger kalẹ̀.

Ohun tí ó ká wa lára jù ni èyí tí wọn kò sọ fún àwọn ọmọ. Ní 1841, ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, gba odò Ọya wá. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá Ìgalà nítòsí ìdàpọ̀ odò méjèèjì láti dá oko ńlá sílẹ̀. Ibà pa òyìnbó tí ó ju 40 lọ nínú wọn, oko náà sì túká. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà nínú àwọn tí ó bá ọkọ̀ wọ̀nyẹn wá. Ó tún padà ní 1854 pẹ̀lú Baikie, ẹni tí ó ń fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kwiníìnì, ibà kò sì pa ẹnì kan. Ó tún wá ní 1857. Baikie dúró tẹ ibùdó dó sí Lọ́kọ́jà. Ní 1864 ni ó kú ní Sàró, lójú ọ̀nà ilé. Ọdún yẹn náà ni Crowther di bíṣọ́ọ̀bù. A kò sọ èyí láti fi gba ilẹ̀ mọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́. A ní kí ọmọ tí ó bá dúró lókè mọ̀ pé ojú ẹni tiwa náà ti rí odò tí òun ń wò.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọ̀nà. Orí òkè fi díẹ̀ ju 450 mítà lọ sí òkun, ó sì tẹ́jú. Òkúta pupa tí irin wà nínú rẹ̀, irú ti Àgbájá, ni ó dé e lórí bí ọmọrí ìkòkò. Abẹ́ rẹ̀ jẹ́ òkúta iyanrìn àti amọ̀ tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi á ṣàn láti orí ibi líle, á wá ibi rírọ̀, á sì máa gbẹ́ ẹ. Ọ̀nà tí a bá gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ irú òkè bẹ́ẹ̀, bí gọ́tà rẹ̀ bá dí, ọ̀nà omi ni ó dà. Ọ̀dà lè nípọn tó apá. Bí omi bá ti bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó parí. Iyanrìn tí omi kó sì ni ń bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ níbi tí a ń gbé. Ìlú tí odò bò ní 2012 àti ní 2022 kò gbọdọ̀ tún jẹ́ kí òkè da omi lé e láti ẹ̀yìn.

Nígbà tí a mú èyí wá sí ìpàdé, àwọn kan nínú wa bi wá pé, "Ṣé ilẹ̀ wa ni?" Ìbéèrè gidi ni. Ìjọba ni ó ni ọ̀nà, onílẹ̀ ni ó ni òkè, ìjọba ni yóò sì máa da ọ̀dà. Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni a bí àwọn ọmọ wa sí. Ẹni tí ó ń ta aṣọ ní ìsàlẹ̀ òkè fún ọgbọ̀n ọdún, tí ó sì ń wí pé gọ́tà òkè kò kan òun, irọ́ ni ó ń pa fún ara rẹ̀.

Nítorí náà, a bẹ̀bẹ̀ pé kí apá kan nínú owó òní ra ṣọ́bìrì àti kẹ̀kẹ́ ìkólẹ̀. Kí a kọ́kọ́ tọ Maigari àti àwọn àgbà Ọ̀wọ́rọ̀ lọ, kí a kọ̀wé sí ìjọba, kí a sì máa kó gọ́tà náà ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹta, kí òjò tó dé. Kí a mú àwọn ọmọ dání. Ẹsẹ̀ ni kí wọ́n fi gòkè, kí àgbà kan máa sọ ìtàn fún wọn bí wọ́n ti ń lọ. Awakọ̀ tí yóò kó oúnjẹ wá, jíà kìíní ni kí ó fi sọ̀ kalẹ̀. Kí ó má tìtorí epo pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì fún wọn lọ́jọ́ náà.