Gọ́ọ̀mù ẹ̀gbẹ́ báàfù: ẹ má fi tuntun lé ògbólógbòó lórí

 

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù funfun tó wà láàárín báàfù àti ògiri ni mo bá wá lónìí, èyí tí wọ́n ń pè ní sílíkọ́ọ̀nù. Bó bá ti dúdú, tó ń ṣí, omi ń gba ibẹ̀ wọnú ògiri nìyẹn. Àwa tá a ń gbé Sabon Gari níbí, yàrá tó kángun sí balùwẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ń kó ọjà sí. Ọ̀kan nínú wa to ìdì ańkárá síbẹ̀. Ìgbà tó máa fi gbé e, ìsàlẹ̀ ti bu. Lanlọ́ọ̀dù ò san kọ́bọ̀.

Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú ṣì wà ní Zaria, amọ̀ kì í sì í bá omi ṣọ̀rẹ́. Ẹ rántí mọ́ṣáláṣí ńlá tó wó lé àwọn tó ń kírun lórí ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 2023; wọ́n ti rí ibi tó sán kó tó wó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ báàfù o, àmọ́ ohun tá a bá rí lára ògiri, ká tètè mójú tó o.

Tẹ́ ẹ bá ń ra sílíkọ́ọ̀nù, ẹ ra ti balùwẹ̀ àti ìbọn tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo déètì ara rẹ̀. Èyí tó ti kọjá ọjọ́ lè má dì rárá.

Ẹ fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gé ògbólógbòó lókè àti nísàlẹ̀, ẹ fà á yọ, ẹ ha èyí tó kù. Tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ògbólógbòó. Pọ́lọ́ḿbà tó bá ní òun á kàn fi lé e lórí, owó yín ló fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ fi bílíìṣì fọ ibi tó dúdú, ẹ ṣan án dáadáa, kó gbẹ pátá kẹ́ ẹ tó fi sípíríìtì nù ún. Ẹ má da bílíìṣì pọ̀ mọ́ sípíríìtì tàbí oògùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì o, ó léwu.

Inú báàfù lọ̀pọ̀ wa ń pọn omi sí. Tó bá kún, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ìyẹn ló ń fa gọ́ọ̀mù ya. Torí náà, ẹ pọn omi kún un kẹ́ ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ má dà á nù títí tó fi máa dì.

Ẹ lẹ téèpù oníbébà sókè sísàlẹ̀, ẹ tẹ gọ́ọ̀mù lọ láìdúró, ẹ fi ìka tó lómi ọṣẹ tẹ́ ojú rẹ̀, kẹ́ ẹ yọ téèpù lójú ẹsẹ̀.

Ó kéré tán, kí omi má kàn án fún wákàtí 24. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un dì, ọyẹ́ ilẹ̀ Hausa ò sì ní ọ̀rinrin.

Ẹ ya fọ́tò ògiri kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí lanlọ́ọ̀dù, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi sórí gúrúùpù. Ajé á bá wa gbé o.