Àǹfààní Ìpàdé Àwọn Onímọ̀

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn láàrin àwọn tí ń ṣe ìwádìí òṣùpá àti àwọn ayé mìíràn tí ń yí òòrùn po.

Nígbà tí ọkọ̀ Apollo 11 kó òkúta àti erùpẹ̀ òṣùpá bọ̀ ní ọdún 1969, a pín in fún àwọn onímọ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n péjọ sí ìlú Houston, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kìíní ọdún 1970, kí oníkálukú wá sọ ohun tí ó rí.

John Wood kò mú àpáta ńlá wá. Hóró òkúta funfun wẹ́wẹ́ inú erùpẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀. Ó ní wọ́n fi hàn pé òkúta yíyọ́ ti bo òṣùpá nígbà kan rí, tí èyí tí ó fúyẹ́ sì léfòó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà onímọ̀ bíi Harold Urey ti gbà pé òṣùpá tutù láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n Joseph Smith àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé ibi kan náà lọ́tọ̀. Hóró wẹ́wẹ́ borí èrò ńlá.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ onímọ̀ má lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ nítorí àwòrán yíyà. Kí ó mú ìwọ̀nba tí ó rí dání, kí ó sọ ọ́ láìbẹ̀rù, kí ó sì fetí sí ẹni tí ó ta kò ó. Ìmọ̀ tí a tì mọ́ yàrá, bí ó bá wọ́, ta ni yóò bá wa tún un ṣe?